Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àgbéyẹ̀wò Òwò Orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì Pẹ̀lú Àgbáyé

Ìfáàrà

Nínú gbogbo ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàrin orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn, òwò ni ó ń fi agbára àti àìlera wọn hàn jù lọ. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó sì máa ń dìde níbikíbi tí a bá ti ń ná ọjà. Kí ni ẹni yìí ń tà? Kí ni ó fẹ́ rà? Ta ni ó ń dá iye lé ọjà náà? Bí ìnájà kò bá sì wọ̀, ta ni ó lè gbé igbá rẹ̀ padà sílé láìjẹ́ pé ebi pa á mọ́jú? Bí àwọn ìbéèrè yìí ti kan obìnrin tí ó pàtẹ ata lẹ́bàá ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kan orílẹ̀-èdè tí ó ní ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn.

Bùràsíìlì jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kìlómítà níbùú-lóròó, ìkànìyàn ọdún 2022 sì fi hàn pé iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 lọ. Nígbà tí a dá orúkọ kan sílẹ̀ ní ọdún 2001 fún àwọn orílẹ̀-èdè ńlá tí ọrọ̀-ajé wọn ń gbèrú bọ̀, èyí tí í ṣe BRIC, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Bùràsíìlì ni ó ṣíwájú. Fún ọmọ Yorùbá, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá. Ẹni tí ó bá ti rìn ní Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó ti rí ilé tí àwọn tí ó ti ibẹ̀ dé kọ́.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé láti ọdún 1500 títí di òní, ọjà tí Bùràsíìlì ń tà ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn oníbàárà rẹ̀ náà sì ti yí padà, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ lójú ọjà kì í sábà yí. Ohun tí ilẹ̀ bá hù tàbí tí ó fi pamọ́ ni ó ń tà. Ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ṣe ni ó ń rà. Ìgbà tí ó bá fi ìmọ̀ kún ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ní nìkan ni ipò yìí ń yẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n ń gbé ọjà tútù lọ sókè òkun, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Igi, Ìrèké àti Wúrà

Ní ọdún 1500 ni àwọn ọkọ̀ Pọtogí tí Pedro Álvares Cabral jẹ́ olórí fún gúnlẹ̀ sí etíkun Bùràsíìlì. Wọn kò rí wúrà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni igi kan tí inú rẹ̀ pọ́n bí osùn, tí àwọn aláṣọ ilẹ̀ Yúróòpù lè fi rẹ aṣọ. Pau-brasil ni wọ́n ń pe igi náà, láti ara rẹ̀ sì ni ilẹ̀ náà ti gba orúkọ. Bí a bá wò ó dáadáa, orúkọ ọjà tí ó kọ́kọ́ tà ni Bùràsíìlì ń jẹ́ títí di òní. Wọ́n gé igi ọ̀hún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán létí òkun.

Lẹ́yìn igi, ìrèké ni ó kàn. Oko ìrèké gbilẹ̀ ní Pernambuco àti Baíà láàrin ọdún 1500 sí 1600, ṣúgà ibẹ̀ sì di ohun tí gbogbo Yúróòpù ń wá. Àwọn ará Họ́láńdì fi ogun gba Pernambuco ní ọdún 1630, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1654 tí a lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti mọ ọgbọ́n iṣẹ́ ṣúgà dunjú. Kò pẹ́ tí oko ìrèké fi gbilẹ̀ ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, tí iye ṣúgà sì wálẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí nínú ìtàn náà: ohun tí ẹlòmíràn lè gbìn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbìn ín.

Ní ìparí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ẹgbẹ̀ta, láàrin ọdún 1690 sí 1700, wọ́n rí wúrà ní agbègbè tí a wá ń pè ní Minas Gerais. Wúrà náà pọ̀, ṣùgbọ́n apá ńlá nínú rẹ̀ kò dúró ní Lisbon, áńbọ̀sì ní Bùràsíìlì. Àdéhùn Methuen tí Pọtogí àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1703 fi lélẹ̀ pé Pọtogí yóò máa ra aṣọ onírun Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa ra wáìnì Pọtogí. Owó aṣọ ju owó wáìnì lọ, wúrà Bùràsíìlì ni a sì fi ń dí àlàfo náà. Lisbon wá dà bí ajere: ohun tí a bá dà sí i ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde lọ sí London.

Kò sí èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí a ṣe láìsí ọwọ́ ọmọ Áfíríkà. Nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ni wọ́n kó lọ sí Bùràsíìlì ní oko ẹrú. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kó ènìyàn lọ tó bẹ́ẹ̀. Tábà Baíà ni ọ̀kan nínú ohun pàtàkì tí wọ́n fi ń ra ènìyàn ní Ouidah àti àwọn èbúté tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ewé tábà tí kò dára tó láti lọ sí Lisbon ni wọ́n ń fi oje ìrèké pa lára, tí wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n sì ń kó wá sí etíkun yìí. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé túká, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó bá òwò náà lọ. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n ní Baíà.

Òwò Èkó àti Baíà

Òfin ọdún 1850 ni ó fi òpin sí kíkó ẹrú wọ Bùràsíìlì. Ṣáájú ìgbà náà, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí Nagô àti Haúsá dì ní Baíà ní ọdún 1835, àwọn tí ó ti gba òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Wọ́n tẹ̀dó sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Wọ́n mọ èdè méjèèjì, wọ́n sì mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ní apá méjèèjì òkun. Láti ọwọ́ wọn ni òwò tí kì í ṣe ti ènìyàn ti wá gbilẹ̀ láàrin Èkó àti Baíà.

Obì, orógbó, òrí, ọṣẹ dúdú, ataare, epo pupa, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ òfì ni ó ń ti Èkó lọ. Tábà, ọtí ìrèké àti ẹran gbígbẹ ni ó ń ti Baíà bọ̀. Orúkọ tí àwọn ará Baíà ń pe àwọn ọjà wa jẹ́rìí sí bí wọ́n ti níyì tó lójú wọn. Pano da Costa, aṣọ Etíkun, ni wọ́n ń pe òfì. Sabão da Costa, ọṣẹ Etíkun, ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú. Limo da Costa ni wọ́n ń pe òrí. Ní ti obì, orúkọ Yorùbá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá sọ pé ọjà òun jẹ́ ti Etíkun, ohun tí ó ń sọ ni pé ojúlówó ni.

Ó yẹ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Aṣọ òfì kì í ṣe òwú lásán. Wọ́n ti gbọn òwú náà, wọ́n ti ran án, wọ́n ti pa á láró, wọ́n sì ti hun ún. Gbogbo ọgbọ́n ìdílé àti ìlú ni ó wà nínú ìbú kan. Aṣọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ ṣe pọ̀ ní Baíà nígbà náà, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á, síbẹ̀ àwọn ìyálórìṣà àti obìnrin ọlọ́jà ń san owó gidi láti da aṣọ Etíkun borí èjìká. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú òwò yìí, ìhà ilẹ̀ Yorùbá ni a ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́, ìhà Bùràsíìlì ni a ti ń ta ewé tábà.

Òwò náà kò kú nítorí pé oníbàárà kò fẹ́ ọjà mọ́. Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di ìlú abẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1861. Àwọn ọkọ̀ òkun tí ń fi agbára ooru rìn ń ti Èkó lọ sí Liverpool ní gbogbo ìgbà, nígbà tí ọkọ̀ onígbòkun tí ń lọ tààrà sí Baíà ń dín kù. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ni ọjà ń gbà. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún wọlé, òwò tààrà láàrin àwọn ìlú méjèèjì ti di kékeré.

Èbúté Tí A Ṣí, Kọfí Tí A Sun

Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta, Bùràsíìlì kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹlòmíràn ṣòwò bí kò ṣe Pọtogí. Ogun Napoleon ni ó yí èyí padà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Pọtogí, ọba àti ìjòyè rẹ̀ sá gba orí òkun wá sí Bùràsíìlì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1808, Ọmọba João kéde pé èbúté ti ṣí fún gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́. Ní ọdún 1810, ó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn: owó ibodè ọjà Gẹ̀ẹ́sì yóò jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn ìyókù yóò jẹ́ ìdá 24. Ọjà Pọtogí fúnra rẹ̀ ń san ìdá 16. Onílé wá ń san ju àlejò lọ. Òmìnira tí Bùràsíìlì gbà ní ọdún 1822 kò fòpin sí àǹfààní Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ọdún 1844 ni ó tó lè gbé owó ibodè rẹ̀ sókè bí ó ti fẹ́.

Ní àkókò yìí, kọfí ti gba ipò ìrèké. Láti àfonífojì odò Paraíba ni ó ti tàn dé São Paulo, èbúté Santos sì di ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ sí ayé. Àwọn ẹrú ni wọ́n ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888 tí òfin dá wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Ítálì àti àwọn àlejò mìíràn dé. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọfí ayé ni ó ń ti Bùràsíìlì wá.

Rọ́bà náà ní ìgbà tirẹ̀. Inú igbó Amásọ́nì ni igi rọ́bà ti ń hù fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ sì kọ́ ilé eré ńlá kan tí a ṣí ní ìlú Manaus ní ọdún 1896. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ṣáájú ìṣílé yìí, ní ọdún 1876, Henry Wickham, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti kó ọ̀kẹ́ díẹ̀ irúgbìn igi náà lọ sí ọgbà Kew ní London. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Malaya. Kí ó tó di ọdún 1914, rọ́bà tí a gbìn ní Éṣíà ti lé ti Amásọ́nì kúrò lọ́jà. Igi rọ́bà tí àwọn àgbẹ̀ ń kọ ní agbègbè Sàpẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, irú igi Bùràsíìlì yìí kan náà ni.

Ọ̀ràn kọfí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí Bùràsíìlì rò pé òun lè fi ọ̀pọ̀ ọjà òun dá iye lé e. Ní ọdún 1906, ìpínlẹ̀ São Paulo, Minas Gerais àti Rio de Janeiro pàdé ní Taubaté. Wọ́n pinnu láti yá owó lókè òkun, kí wọ́n fi ra kọfí tí ó bá pọ̀ jù, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ kí iye má baà wálẹ̀. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí Bùràsíìlì gbé sókè ni ó fún àwọn àgbẹ̀ Kòlóńbíà àti ibòmíràn ní ìṣírí láti gbin tiwọn. Nígbà tí ọrọ̀-ajé ayé dojú dé ní ọdún 1929, kọfí kún àká, kò sì sí ẹni tí yóò rà á. Láàrin ọdún 1931 sí 1944, ìjọba Bùràsíìlì sun nǹkan bí mílíọ̀nù 78 àpò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó 60 kílógíráàmù. Ohun tí gbogbo ayé ń mu fún bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi iná sun. Iṣẹ́ tí àgbẹ̀ ṣe nínú oòrùn kò yí padà. Àwọn tí ó wà lókè òkun ni wọ́n kó igbá kúrò lọ́jà.

Ilé-iṣẹ́ àti Gbèsè

Láti inú èéfín kọfí yìí ni èrò tuntun ti jáde. Getúlio Vargas gba ìjọba ní ọdún 1930. Èrò ìjọba rẹ̀ àti ti ọ̀pọ̀ ìjọba tí ó tẹ̀lé e ni pé ohun tí Bùràsíìlì ń rà lókè òkun, kí ó máa ṣe é nílé. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin Volta Redonda sílẹ̀ ní ọdún 1941 pẹ̀lú owó tí Amẹ́ríkà yá wọn nígbà ogun. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1946. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ń wa irin sílẹ̀ ní ọdún 1942, wọ́n sì dá Petrobras sílẹ̀ fún epo rọ̀bì ní ọdún 1953. Wọ́n gbé owó ibodè sókè kí ọjà òkèèrè má baà pa ọmọ titun náà nínú aṣọ òjá. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1980, ohun tí ilé-iṣẹ́ ti fọwọ́ kàn ti ju ìdajì ọjà tí Bùràsíìlì ń tà lọ.

Àwọn ará Nàìjíríà rí èso èrò yìí pẹ̀lú ojú wọn. Ọkọ̀ Igala tí Volkswagen ń tò ní Èkó láti ọdún 1975, ẹ̀yà ọkọ̀ Brasília ni. Láti Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ wá. Ní agbedeméjì àwọn ọdún 1980, tí owó òkèèrè wọ́n àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀: Nàìjíríà fún Bùràsíìlì ní epo rọ̀bì, Bùràsíìlì sì fi ọjà dí i.

Àbùkù kan wà nínú ètò náà. Ẹ̀rọ tí ń ṣe ọjà ń fẹ́ epo, òkè òkun ni Bùràsíìlì sì ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo rẹ̀. Nígbà tí owó epo fò sókè ní ọdún 1973, ó ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni Proálcool, ètò ọdún 1975 tí ó sọ ìrèké di ohun tí ọkọ̀ ń mu dípò bẹntiróò. Ètò náà yọrí sí rere, ó sì wà títí di òní. Ọ̀nà kejì ni pé ó yá owó. Gbèsè yìí ni ó wá mú un so. Èlé lórí owó àyálò gbéra sókè láti ọdún 1979. Ní ọdún 1982, àwọn báǹkì kò yá a lówó mọ́. Ní ọdún 1987, ó kéde pé òun kò lè san èlé náà. Ọ̀wọ́ngógó gba ilé kan. Ní ọdún 1993 nìkan, iye ọjà fi ohun tí ó ju ìlọ́po ogún lọ lé sókè. Owó titun tí wọ́n ń pè ní real, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 1994, ni ó mú ìfọ̀kànbalẹ̀ padà bọ̀ sínú ọjà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dín owó ibodè kù láti ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí kò tíì lè dá dúró kò sì rí òjìji sá sí mọ́.

Ìmọ̀ Tí A Fi Kún Ilẹ̀

Nínú gbogbo làálàá yìí, iṣẹ́ méjì wà tí èso wọn tọ́ jọjọ. Èkíní ni Embrapa, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ní àárín gbùngbùn Bùràsíìlì, ilẹ̀ ọ̀dàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Cerrado, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì kìlómítà níbùú-lóròó. Ilẹ̀ náà kan, kò sì gba irúgbìn. Àwọn àgbẹ̀ kà á sí ilẹ̀ òfo. Àwọn onímọ̀ da ẹfun sí i láti pa kíkan rẹ̀. Wọ́n mú sóyà, tí í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ tútù ní Éṣíà, wọ́n sì ń yan irú rẹ̀ títí wọ́n fi rí èyí tí ó lè so níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà. Orílẹ̀-èdè tí ó ti ń ra oúnjẹ lókè òkun ní àwọn ọdún 1970 ni ó wá di ẹni tí ó ń ta sóyà jù lọ láyé. Ní ọdún 2006, wọ́n fún Alysson Paolinelli, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, àti àwọn onímọ̀ méjì mìíràn ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé nítorí iṣẹ́ Cerrado yìí.

Èkejì ni Embraer. Ní ọdún 1950, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú ní São José dos Campos. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe ọkọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn, kí wọ́n tó kọ́ ilé. Lónìí, ọkọ̀ òfurufú Embraer ń fò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà pàápàá sì ń fi wọ́n kó èrò.

Sóyà jẹ́ ohun oko, ọkọ̀ òfurufú jẹ́ ohun ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní. Ìmọ̀ tí a kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a tà nínú méjèèjì.

Oníbàárà Titun

Ní ọdún 2009, Ṣáínà gba ipò Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tí Bùràsíìlì ń bá ṣòwò jù lọ. Ní ọdún 2023, ọjà tí Bùràsíìlì tà sókè òkun tó nǹkan bí 340 bílíọ̀nù dọ́là. Ṣáínà nìkan ra ohun tí ó ju 100 bílíọ̀nù lọ nínú rẹ̀. Sóyà, irin tútù àti epo rọ̀bì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí ó rà. Ẹ̀rọ, ọkọ̀, àti ohun èlò iná mànàmáná ni ó ń tà padà. Ọdún 2021 ni Ford, tí ó ti wà ní Bùràsíìlì láti ọdún 1919, kéde pé òun kò ní ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan láti Ṣáínà ni ó gba ilẹ̀ tí Ford fi sílẹ̀ ní Camaçari, ní Baíà.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òwò Ṣáínà kò mú èrè wá. Ó mú dọ́là wá, dọ́là náà sì ni kò jẹ́ kí Bùràsíìlì tún ṣe ìwọ̀fà àwọn báǹkì bí ti ọdún 1982. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ìbéèrè àtijọ́ fi ń wò wá. Igi pupa, ṣúgà, kọfí àti rọ́bà ti ní oníbàárà kan rí tí ó dà bí ẹni pé kò ní lọ. Sóyà náà ní àìlera tirẹ̀: nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ajílẹ̀ tí Bùràsíìlì ń lò ni ó ń ti òkèèrè wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Rọ́ṣíà. Nígbà tí ogun Yukiréènì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2022, àyà àwọn àgbẹ̀ já. Igbó Amásọ́nì pẹ̀lú di ọ̀rọ̀ ọjà: ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin láti kọ ọjà tí a bá gbìn sórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa igbó rẹ̀.

Bùràsíìlì kò jókòó tẹtẹrẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ní ọdún 1991, òun, Ajẹntínà, Paraguay àti Uruguay dá ẹgbẹ́ Mercosul sílẹ̀, wọ́n sì bá Yúróòpù jíròrò láti ọdún 1999 títí tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ àdéhùn wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ó mọ ọ̀nà ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2002, ó pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ níwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé pé owó ìrànlọ́wọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún àwọn àgbẹ̀ òwú rẹ̀ ń ba ọjà àwọn yòókù jẹ́. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà dá sí ẹjọ́ yìí, nítorí òwú ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń jẹun. Bùràsíìlì jàre, ní ọdún 2014 Amẹ́ríkà sì gbà láti san 300 mílíọ̀nù dọ́là kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Bùràsíìlì ni a san án fún. Bẹ̀nẹ̀ kò ní agbára ọjà tí ó lè fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ìdánwò mìíràn dé ní ọdún 2025. Ní oṣù Kẹjọ, Amẹ́ríkà bu owó ibodè tí ó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọ̀pọ̀ ọjà Bùràsíìlì. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni àwọn ọjà tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú wà lára wọn, omi ọsàn náà wà lára wọn, nítorí àwọn tí ó ń rà wọ́n kò rí ibòmíràn yà sí. Kọfí àti ẹran màlúù kò sí lára wọn lákọ̀ọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, nígbà tí owó kọfí ń ga àwọn ará Amẹ́ríkà lára, wọ́n yọ àwọn náà.

Ìgúnlẹ̀

Bí a bá padà sórí ìbéèrè mẹ́rin tí ó ṣíwájú, ìtàn Bùràsíìlì ti dá wọn lóhùn. Ohun tí ó ń tà àti ohun tí ó ń rà ni ó ń sọ ẹni tí yóò dá iye lé ọjà. Ẹni tí ó lè kó igbá rẹ̀ kúrò lọ́jà ni ẹni tí ohun tí ó wà nínú igbá rẹ̀ kò sí lórí àtẹ ẹlòmíràn. Pípọ̀ ọjà kò tó. Kọfí pọ̀, a sì sun ún. Ìmọ̀ inú ọjà ni ó ń dúró tini.

Ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí Nàìjíríà, tí ó ti di alábàáṣepọ̀ BRICS láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo rọ̀bì ni Nàìjíríà ń tà fún Bùràsíìlì. Nígbà tí Bùràsíìlì rí epo tirẹ̀ lábẹ́ òkun, òwò náà fà sẹ́yìn. Ṣúgà tí a ń fọ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Èkó, Bùràsíìlì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó tún ti ń ti Nàìjíríà kọjá òkun lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ sóyà: ajílẹ̀ yúríà, tí a ń fi afẹ́fẹ́ gáàsì ṣe ní Eleme àti ní Lẹ́kì. Gáàsì tí a ti ń sun dànù tẹ́lẹ̀ ni a fi ń ṣe irú rẹ̀. Láti ìgbà aṣọ òfì, ọjà tí a ti fi ọgbọ́n ṣe kò pọ̀ nínú ohun tí apá ibí ń kó lọ sí Bùràsíìlì. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí a sun kọfí sí náà ti fẹ̀ tó kí gbogbo ará yòókù rí i.